Enigma tàbí RSA, ọ̀nà méjì láti sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé síwájú kíláàsì?

Enigma ló ń fa ojú àwọn èèyàn mọ́ra. Ìtàn ogun ń bẹ níbẹ̀: ẹ̀rọ Jámánì tó ń fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn ni, Marian Rejewski ará Pólándì sì ti tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 1932. Àbùkù rẹ̀ dùn ún sọ: lẹ́tà kan kì í di ara rẹ̀ láéláé. Àmọ́ ìtàn á jẹ àkókò mọ́ ọ lọ́wọ́.

RSA (1977) le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe lójú pátákó. Mú 3 àti 11: ìlọ́po wọn jẹ́ 33. O fẹ́ fi 4 ránṣẹ́? Kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ jẹ́ 3, torí náà kọ 4 níbi mẹ́ta: 4 × 4 × 4 jẹ́ 64. Yọ 33, ó ku 31: òun lo máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí, 7, á kọ 31 níbi méje, á sọ wọ́n di púpọ̀, á máa yọ 33 kúrò títí 4 á fi kù. Èmi o, RSA ni màá mú.