Aladdin Méjì nínú Díìsì Kan: Àgbéyẹ̀wò Disney Classic Games Collection lórí PS4

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní PS4 nílé, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn géèmù àtijọ́, díìsì kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín dáadáa. Disney Classic Games Collection lorúkọ rẹ̀. Ọdún 2021 ló jáde, iléeṣẹ́ Digital Eclipse ló sì tún àwọn géèmù inú rẹ̀ ṣe kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ òde òní. Aladdin, The Lion King àti The Jungle Book ló wà níbẹ̀. Torí Aladdin ni mo ṣe rà á, òun náà ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí pé Aladdin inú díìsì yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó jáde fún ẹ̀rọ géèmù Sega Mega Drive lọ́dún 1993 wà níbẹ̀, èyí tó jáde fún ẹ̀rọ Super Nintendo lọ́dún yẹn kan náà sì wà níbẹ̀. Inú fíìmù Aladdin kan ṣoṣo tí Disney ṣe ni wọ́n ti mú ìtàn àwọn méjèèjì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, síbẹ̀ géèmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Nílé-Ifẹ̀ tí mo dàgbà sí, ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láyé ìgbà náà. Sega ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ládùúgbò wa ní Ìlódè. Èkó ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gbé tiwa bọ̀. Àwọn tó ní Super Nintendo tí mo mọ̀, ọmọ àwọn olùkọ́ Yunifásítì ni wọ́n, àwọn tí òbí wọn gbé e bọ̀ láti òkè òkun. Tá a bá ti pàdé níléèwé, àwa á ní idà ni Aladdin fi ń jà. Wọ́n á ní irọ́ ni, pé kò sí idà kankan lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa náà á ní bóyá wọn ò tíì ta á dé ibi tí wọ́n ti máa rí idà ọ̀hún. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wa.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ìtàn Disney ṣe géèmù ló fà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ Capcom ti ń fi àwọn ìtàn Disney ṣe géèmù sórí ẹ̀rọ Nintendo; DuckTales ọdún 1989 wà lára wọn. Nígbà tí Aladdin dé, Capcom ṣe tiẹ̀ fún Super Nintendo ní Japan, Shinji Mikami sì wà lára àwọn tó gbèrò bó ṣe máa rí. Mikami yìí náà ló wá darí géèmù abanilẹ́rù Resident Evil tó jáde lọ́dún 1996. Ti Mega Drive ní tirẹ̀, iléeṣẹ́ Virgin Games ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, David Perry ló sì ṣáájú àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kálukú ló wo fíìmù náà tó sì mú ohun tó wù ú níbẹ̀.

Ohun tó wu àwọn ti Sega ni bí àwòrán ṣe máa ń rìn. Àwọn ayàwòrán Disney fúnra wọn ló fi ọwọ́ ya ìrìn Aladdin sórí bébà, kí wọ́n tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ọjà Agrabah, ìlú inú ìtàn náà, níbẹ̀rẹ̀ géèmù. Ẹ̀ṣọ́ kan ń bọ̀ wá pàdé yín, ó tẹ ẹyin iná, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pọ́n-ún pọ́n-ún, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ èkejì. Ẹ fi idà kan òmíràn tó sanra, ṣòkòtò rẹ̀ já bọ́, ó ń sáré wá a fà sókè. Ẹ fò lé ràkúnmí, ó tutọ́ jáde fàà. Kò sí nọ́ńbà kankan tó ń sọ bí okun yín ṣe kù sí. Èéfín tó ń jáde látẹnu fìtílà lókè lẹ máa wò, bí ìyà bá ṣe ń jẹ yín ni èéfín náà ń kéré sí i. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ṣì máa ń dúró sójú kan láti wò wọ́n.

Ẹ̀rọ tí àwọ̀ rẹ̀ kéré ló sì ṣe gbogbo èyí. Àwọ̀ 64 péré ni Mega Drive lè gbé sójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, nínú 512 tó ní. Super Nintendo lè gbé 256, nínú 32,768. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ní ti Sega ló jọ fíìmù jù.

Ibi tí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni ìjà. Idà náà kúrú, kì í sì í rọrùn láti mọ ibi tó dé gan-an. Ẹ óò fì í, ẹ óò rò pé ó bà á, àfi kí ẹ rí i pé ẹ̀yin lẹ jẹ ìyà. Díìsì yìí ní èyí tí wọ́n pè ní Final Cut, tí wọ́n tún ojú ìwòye àtàwọn àṣìṣe kéékèèké inú ti Sega ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ti Sega, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ tààrà.

Nígbà tí mo wá ṣí ti Super Nintendo, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti ta ti Sega tẹ́lẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì títí, kò rí idà. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ó gbàgbé idà ẹ̀ sílé ni?" Mo ní kó fò lé ẹ̀ṣọ́ iwájú ẹ̀ lórí. Ó fò lé e, Aladdin sì ta òkìtì kúrò lórí ẹ̀ṣọ́ náà, ó fọwọ́ di ọ̀pá tó yọ jáde lára ògiri, ó fì, ó já ara ẹ̀ sókè, ó gbá etí òrùlé mú, ó gun un. Ọmọ náà ò béèrè idà mọ́.

Ohun tí Capcom mú nínú fíìmù náà nìyẹn: ọmọkùnrin tí kò ní ohun ìjà, tí ẹsẹ̀ ló fi ń jàjàbọ́. Ápù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́ lu ẹ̀ṣọ́, ńṣe ló kàn máa dá a dúró díẹ̀. Tó bá ti rí aṣọ fífẹ̀ mú, ó lè na án sókè kó máa rọra já wálẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Nítorí pé ara ẹ̀ lohun ìjà ẹ̀, ìrìn àti ìjà di ohun kan náà. Lórí Sega, mo máa ń dúró kí n tó jà. Lórí Super Nintendo, tí ọwọ́ mi bá ti mọ ibi kan, mo lè kọjá níbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ Aladdin pẹ́ nílẹ̀. Ibì kan tún wà tí òun àti Jasmine, ọmọ ọba tó fẹ́ràn, jókòó sórí ẹní tó ń fò lóru. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀, òkúta iyebíye lẹ kàn máa ṣà lọ. Ó gba ìgboyà kéèyàn tó fi irú ẹ̀ sínú géèmù. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú méjèèjì, ti Super Nintendo ni mo máa mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sega ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà.

Iṣẹ́ tí àwọn tó kó díìsì yìí jọ ṣe náà yẹ fún ìyìn. Ẹ lè séèfù níbikíbi. Láyé ìgbà yẹn, ti Super Nintendo ní àmì ìdánimọ̀ tí ẹ lè kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dé, ṣùgbọ́n ti Sega kò ní. Tí iná bá lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ wa nÍlódè kò fi rí ojú Jafar, ọ̀tá ìkẹyìn, rí. Ẹ tún lè dá géèmù padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, èyí tó gbà mí sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gun ẹní sá jáde nínú ihò, tí àpáta ń já lu èèyàn láìdáwọ́ dúró. Ẹni tí ò bá fẹ́ ta rárá lè máa wo bí ẹlòmíì ṣe ta á tán, kó sì gba páàdì níbi tó bá wù ú.

The Lion King ọdún 1994 wà níbẹ̀, Westwood Studios ló ṣe é. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà lórí Sega àti Super Nintendo, ó sì le bí ojú ẹja. Aladdin ti Game Boy, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé ti Nintendo, náà wà níbẹ̀: ti Sega ni wọ́n rán pọ̀ sínú ojú kékeré aláìláwọ̀, ó ń wọ́, mi ò sì rò pé ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀mejì. Aladdin tí wọ́n ṣe fún Master System àti Game Gear, ẹ̀rọ Sega mìíràn, kò sí níbẹ̀, ó sì dùn mí, torí géèmù ọ̀tọ̀ lòun náà.

Ẹ má sì rò pé géèmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórúkọ kan náà jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Àwọn ọmọ tó ń ta bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Lágéré àti Sábó mọ̀ ọ́n dáadáa. FIFA 14 jáde lọ́dún 2013 fún PS2, PS3 àti PS4 lórúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ti PS4 ní ẹ́ńjìnnì tuntun, ètò tó ń darí géèmù, tí wọ́n ń pè ní Ignite, ti PS2 sì ni FIFA tó kẹ́yìn lórí ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń rà á o. Díìsì méjì ló wà níta tí orúkọ wọn jọra. Èyí tó jáde lọ́dún 2019 ń jẹ́ Disney Classic Games: Aladdin and The Lion King, Aladdin ti Super Nintendo kò sí nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ òun lẹ ti ní, ẹ má tún ra díìsì mìíràn. Àfikún kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, The Jungle Book and MORE Aladdin Pack, òun lẹ máa rà kún un. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì ní ìkankan, ẹ wo ara páálí dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó: èyí tí The Jungle Book wà lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà.