Ìkìlọ̀: Ẹ má ra akoto báísíkù tòkunbọ̀ tí wọ́n tún kùn lọ́dà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun báísíkù ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti agbègbè wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń ta akoto tòkunbọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook. Àwòrán tó ń gbé síta ń dán gbinrin, owó tó ń pè kò sì gani lára: ₦35,000 fún akoto MTB (ti báísíkù orí òkè) tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá wà lára rẹ̀. Akoto tó ti fọ́ ló ń tà.

Àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́ ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, torí a fẹ́ lọ gun ọ̀nà olókùúta tó wà lẹ́bàá òkè Àdó-Àwáyè. Nígbà tó mú un dé, mo gbà á, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òde rẹ̀ ò ní àbàwọ́n kankan. Àfi ìgbà tí mo yọ tìmùtìmù inú rẹ̀ tí mo rí ìlà kan tó la fóòmù funfun náà láti iwájú títí dé ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù náà ti gbẹ, ó le bí èékánná. Wọ́n ti ha ọjọ́ tí wọ́n ṣe akoto náà kúrò níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fín sí i ti ta sára okùn àgbọ̀n, òórùn rẹ̀ ò tíì lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ìlà kékeré lásán ni. Fóòmù yẹn gan-an ni akoto. Ike òde kàn bò ó ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó rún wọnú ara rẹ̀ nígbà tí orí bá balẹ̀, kí agbára ìṣubú náà tán sínú rẹ̀ kó tó dé agbárí. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣe é. Ibi tó bá ti rún kì í wú padà, ẹni tó bá sì tún fi ibẹ̀ ṣubú, orí rẹ̀ nìkan ló kù tó máa gba ìyókù. Lórí òkúta, táyà iwájú lè há lójijì, kí èèyàn gba orí ọwọ́ báísíkù fò lọ sílẹ̀. Ọ̀dà pàápàá léwu: kẹ́míkà inú ọ̀dà fínfín máa ń jẹ irú fóòmù yìí. Èyí tí kò tíì fọ́ rárá, tí wọ́n bá ti tún un kùn, èmi ò ní fi sórí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni fídíò tó ń pín kiri. Ó gbé akoto kalẹ̀, ó ń fi òòlù lù ú, ó ní "ẹ wò ó, kò fọ́!" Àwọn èèyàn sì ń torí ìyẹn sanwó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin CPSC (àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ọjà) ti de gbogbo akoto báísíkù tí wọ́n bá ṣe tàbí kó wọlé láti oṣù Kẹta ọdún 1999, wọ́n máa ń gbé akoto wọ orí tí wọ́n fi irin rọ, wọ́n á jẹ́ kó já láti nǹkan bíi mítà 2 lu irin, wọ́n á wá wọn bí ohun tó dé inú orí yẹn ṣe pọ̀ tó. Orí ni wọ́n ń wò, wọn ò wo bóyá ike fọ́. Òòlù ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Sítíkà ńkọ́? Ti àbúrò wa ní "CE" nìkan, ìyẹn àmì pé ọjà bá òfin Yúróòpù mu, kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Akoto báísíkù tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù yẹ kó ní EN 1078 nínú, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà tí wọ́n fi dán an wò, ti ọmọdé lè jẹ́ EN 1080. Tí ẹ bá rí EN 397, ti àwọn tó ń kọ́lé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè lẹ fóòmù á lè tẹ sítíkà, torí náà ẹ tú gbogbo tìmùtìmù inú rẹ̀, ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà káàkiri. Ibi tó bá rọ̀ ju ibòmíràn, tàbí tó fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ, ó ṣeé ṣe kó ti ṣubú rí. Alátajà tí kò bá jẹ́ kí ẹ tú u, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí kì í jẹ́ kí èèyàn wá wo ọjà. Owó gbọ́dọ̀ pé kó tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí àbúrò wa fi àwòrán ìlà náà hàn án, ó kọ́kọ́ ní ọ̀nà ló ti fọ́, ó tún ní àbúrò wa ló fi ṣubú, ló bá búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà, fídíò òòlù yẹn ni ẹ ó fi dá a mọ̀.

Tí owó ò bá tó ra èyí tó lórúkọ, ẹ ra tuntun tí kò lórúkọ ńlá àmọ́ tó ní EN 1078 tàbí CPSC. Ó sàn ju tòkunbọ̀ olórúkọ tí ẹ ò mọ ibi tó ti kó sí.

Ẹni tó bá ti rà á, má dé e mọ́. Ya àwòrán rẹ̀ nínú àti lóde, tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, kí o sì fẹjọ́ sun FCCPC (àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń gbèjà oníbàárà) àti báńkì rẹ. Nígbà tí ẹjọ́ bá parí, gé okùn rẹ̀ kí o sì fọ́ ọ kí o tó jù ú nù, kí ẹni tó bá ṣà á lórí ààtàn má baà tún un kùn tà fún ẹlòmíràn.