Fantasy Premier League: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń ti Adó-Èkìtì sọ àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀nà tí àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń gbà sọ ẹgbẹ́ tí yóò borí nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Fantasy Premier League, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní FPL, ni mo gbà pé ó dára jù lọ, mo sì ti lò ó láti sáà dé sáà kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró tì í ni pé kò gbà kí ènìyàn kàn sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ni yóò borí, kí ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ó di dandan kí ẹ sọ ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ẹni tí yóò gbé e fún un, aṣọ́lé tí wọn kò ní rí gbá wọlé, àti ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi sórí bẹ́ǹṣì. Ibi tí ìdí bá ti pọ̀ tó báyìí ni àríyànjiyàn ti ń dùn, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ni n óò sọ̀rọ̀ lé jù nínú àgbéyẹ̀wò yìí, nítorí mo gbà pé òun ló ń jẹ́ kí àsọtẹ́lẹ̀ wa dára sí i.

Fún ẹni tí kò tíì ṣí i rí, àwọn tó ni Premier League fúnra wọn ló ń ṣe é, ọdún 2002 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò fún yín ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn tí kò ṣeé ná ní ọjà kankan, ẹ óò fi ra agbábọ́ọ̀lù 15: aṣọ́lé 2, ẹ̀yìn 5, àárín 5 àti iwájú 3, ẹ kò sì gbọdọ̀ mú ju ẹni 3 lọ nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ ìdíje 38 ló wà nínú sáà kan, ènìyàn 11 ni yóò sì máa wọ pápá fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Góòlù tí iwájú bá gbá jẹ́ máàkì 4, ti àárín jẹ́ 5, ti ẹ̀yìn jẹ́ 6; ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a wọlé yóò gba 3. Bí bọ́ọ̀lù kò bá wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ kan, aṣọ́lé àti àwọn ẹ̀yìn wọn tó gbá tó ìṣẹ́jú 60 yóò gba 4 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Káàdì pupa ń gé 3 kúrò. Ẹ óò sì yan ẹnì kan ní balógun, máàkì tirẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ balógun yìí ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn bọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Líìgì àdáni ni apá tí mo mọ rírì rẹ̀ jù. Ẹnikẹ́ni lè dá a sílẹ̀, kí ó fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀, kí wọ́n sì máa bá ara wọn du ipò láìka àwọn mílíọ̀nù ènìyàn yòókù lágbàáyé sí. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù ní Adó, ó sì ti tàn dé Ìkéré, Ìwòrókó àti Ọ̀yẹ́. Olùkọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Òkèṣà náà kò gbẹ́yìn. Ilẹ̀ Èkìtì ni a wà, níbi tí agbo ilé tí kò ní ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, nítorí náà bí ẹ bá sọ pé ẹnì kan yóò gbá góòlù méjì lọ́la, wọn yóò bi yín léèrè ibi tí ẹ ti rí i.

Láti orí orúkọ ẹgbẹ́ ni ẹ̀fẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. FPL kò gba orúkọ tó bá ju lẹ́tà 20 lọ, wọ́n sì ń ka àlàfo mọ́ ọn, èyí tó mú kí ènìyàn máa wọn ọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà wa pe tirẹ̀ ní Error 404 Ẹ̀yìn, nítorí ó ti ná gbogbo owó rẹ̀ sórí àwọn iwájú olówó gọbọi. Ẹ wá àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ẹ kò ní rí wọn. Àbúrò wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ràn àwọn akọni oníbòjú inú fíìmù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi òwú rọ̀ mọ́ ògiri, ó sì sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Egúngún Aláǹtakùn. Aṣọ́lé ni òun máa ń kọ́kọ́ rà, ó ní ẹni tó lè fò láti òpó kan dé èkejì ni òun ń wá. Kò sì sọ ọ́ lásán: ìgbá 3 tí aṣọ́lé bá mú jẹ́ máàkì 1, pẹ́náritì tó bá mú jẹ́ 5, aṣọ́lé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kọlù ní gbogbo ìgbà a sì máa rí iṣẹ́ ṣe ju aṣọ́lé ẹgbẹ́ ńlá lọ. Tèmi ń jẹ́ Ìjàpá Ọkọ Yánníbo, nítorí agbábọ́ọ̀lù tí owó rẹ̀ kéré, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sí, ni mo máa ń lọ fi ọgbọ́n mú.

Ọ̀gá wa nínú ẹ̀fẹ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìkéré. Orogún Guardiola ni orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló sì máa ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ gbogbo ìdíje ọ̀sẹ̀ náà sórí WhatsApp wa ní ọjọ́ Ẹtì, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe fíìmù Yorùbá. Ohun tó kọ nípa Manchester City, ẹgbẹ́ tí a mọ olùkọ́ni Pep Guardiola mọ́, ni gbogbo wa ti kọ́ sórí: «Nílé Guardiola, ìyàwó pọ̀, ìkòkò kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó se oúnjẹ ní Sátidé tó kọjá kó má rò pé òun ni oúnjẹ kàn lónìí. Haaland nìkan ni ìyáàlé tí wọn kì í gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀.» Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tó ń ta FPL ló mọ bí Guardiola ṣe ń pààrọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ láti ìdíje sí ìdíje, tí ènìyàn yóò ra ẹni tó gbá góòlù méjì lónìí kó tó di pé wọ́n fi onítọ̀hún jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Erling Haaland, agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn, yàtọ̀ nítorí góòlù 36 ló gbá ní sáà 2022/23, iye tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí nínú sáà kan ní Premier League, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fi mílíọ̀nù 14 pọ́n-ùn lé e lórí nígbà tí sáà 2025/26 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù láti ka ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan gbá yóò rántí ìkòkò àti orógùn, yóò sì yan balógun rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Òfin tí a fi lélẹ̀ ni pé ẹ̀fẹ̀ tí kò bá ní iye nínú kò ní dúró lórí WhatsApp wa. Láti sáà 2022/23 ni FPL ti ń fi xG hàn fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye góòlù tó yẹ kó ti inú àwọn àǹfààní tó rí jáde. Pẹ́náritì kan, fún àpẹẹrẹ, sún mọ́ 0.8. Bí ẹnì kan bá wá gbá góòlù 3 láti inú àǹfààní tí àpapọ̀ xG rẹ̀ kò pé 1, gbogbo ọjà ni yóò sáré lọ rà á. Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ yóò wá kọ ọ́ pé babaláwo ti sọ fún onítọ̀hún pé oògùn náà kò ju ọjọ́ méje lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹyin. Gbogbo ẹni tó ti wo fíìmù ilé wa mọ bí ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí. Mo ti lọ ka oríṣiríṣi àlàyé lórí xG tí orí mi kò gbà, ọ̀rọ̀ oògùn ọlọ́jọ́ méje yìí ló jẹ́ kó yé mi yékéyéké.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà ni àsọtẹ́lẹ̀ wa ń ṣẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Nottingham Forest lọ bá Liverpool ní Anfield, níbi tí wọn kò ti borí láti ọdún 1969, góòlù kan tí Callum Hudson-Odoi gbá ni wọ́n sì fi borí. Kò sí iye kankan lórí FPL tó tọ́ka sí i. Àwọn tó fi Mohamed Salah, agbábọ́ọ̀lù Liverpool nígbà náà, ṣe balógun dákẹ́ lọ gbári, nígbà tí ẹni tó ní ẹ̀yìn Forest kan tó ra ní owó pọ́ọ́kú ń ka máàkì. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé àdó tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà Anfield láti 1969 ti gbó, ẹni tó yẹ kó tún un so ló lọ sóde. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìbínú ta Salah nítorí ọjọ́ kan yẹn kò ríran jìnnà, nítorí Liverpool ló gba ife ní ìparí sáà náà, máàkì 344 ni Salah sì kó jọ, èyí tó ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú ìtàn eré yìí. Forest náà kò kúkú ṣe é ní èèṣì, ipò keje ni wọ́n parí sí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú FPL nìyí: ó máa ń bi àsọtẹ́lẹ̀ yín léèrè ní ọ̀sẹ̀ kan, á sì tún bi í ní ọ̀sẹ̀ 38.

Òfin tuntun tí wọ́n mú wọlé ní sáà 2025/26 tún bá ọkàn mi mu. Ẹ̀yìn tó bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, tó dí i lọ́nà, tó já a gbà tàbí tó gbá a jìnnà sílé rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ bá pé 10 nínú ìdíje kan, yóò gba máàkì 2. Fún àárín àti iwájú, 12 ni, wọ́n sì ń ka bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbà padà mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kọrin wọn ti ń ní iye lórí. Inú tiwa dùn láti rí i pé a lè máa fi ojú bẹ́ẹ̀ wo Ola Aina ti Forest àti Calvin Bassey ti Fulham, kó má jẹ́ pé Bukayo Saka nìkan ni ọmọ tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà tí a ń náwó lé. Nígbà tí AFCON, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, sì fẹ́ kó àwọn bíi Bassey, Alex Iwobi àti Salah lọ sí Morocco, wọ́n fún gbogbo ènìyàn ní àyè láti pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù 5 láìsan máàkì kankan ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìdíje 16. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n ń ro tiwa ní Áfíríkà mọ́ ọn.

Ẹ fiyè sí aago gidigidi. Ilẹ̀kùn máa ń tì ní ìṣẹ́jú 90 kí ìdíje àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìdíje ọ̀sán Sátidé bá jẹ́ aago 12:30 lọ́dọ̀ wọn, aago 11 ni ó ń tì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń yí tiwọn padà sẹ́yìn, tí yóò fi di aago 12 ọ̀sán níbí títí di ìparí oṣù Kẹta. Ní Èkìtì, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń gbé iyán wá síwájú àlejò lábẹ́ àgọ́ òde. Nígbà mìíràn sì rèé, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀sẹ̀ náà ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ń dúró de Sátidé ti pẹ́.

Ohun tí n kò fara mọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àlàyé wọn. Àwọn bàbá tó jọ ń wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wa mọ agbábọ́ọ̀lù dáadáa, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa bá wọn tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni iye owó tí wọ́n fi lé agbábọ́ọ̀lù lórí ń lọ sókè sódò ní òru, èyí tó ń mú kí àwọn kan pààrọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ Ajé láìtíì mọ ẹni tó farapa. Bí pààrọ̀ bá sì ti ju ti ọ̀fẹ́ lọ, máàkì 4 ni wọ́n ń gé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó mú sùúrù di ọjọ́ Ẹtì.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ìmọ̀ yìí ta tẹ́tẹ́. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó fi owó ilé-ìwé sínú ìwé tẹ́tẹ́ tí ìdíje kan ṣoṣo bà jẹ́, mo sì mọ bí ojú wọn ṣe rí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nínú líìgì tiwa, ẹni tí Forest bá dójú tì ní Anfield yóò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, owó oúnjẹ rẹ̀ sì wà nínú àpò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dá líìgì sílẹ̀, ẹ yan èyí tí wọ́n ń fi ojúkojú ta, níbi tí ènìyàn méjì yóò ti bá ara wọn pàdé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó borí yóò gba 3 tí ọ̀mì sì jẹ́ 1, nítorí àsọtẹ́lẹ̀ a máa gbóná sí i bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ fẹ́ nà. Kí gbogbo yín sì ti forúkọ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, nítorí ẹni tó bá pẹ́ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní rí máàkì kankan gbà fún àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá.