Ìpele-ìpele tàbí CFOP: èwo ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń to Rubik's Cube, àpótí aláwọ̀ mẹ́fà tí Ernő Rubik ṣe ní Hungary lọ́dún 1974.

Nínú ti ìpele-ìpele, wàá fi funfun ṣe àgbélébùú, wàá to igun mẹ́rin sí i, kí o tó bọ́ sí ìpele àárín, lẹ́yìn náà òkè. Àkọ́sórí rẹ̀, ìyẹn ọ̀wọ́ ìyípo tí wàá há sórí, ò ju nǹkan bíi méje lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé o máa ń rí ìdí tí ègé kọ̀ọ̀kan fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ègé àárín ojú kọ̀ọ̀kan kì í kúrò láyè rẹ̀. Òun ló ń sọ àwọ̀ tí ojú yẹn máa jẹ́.

CFOP, tó gba orúkọ rẹ̀ látinú ìgbésẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ (Cross, ìyẹn àgbélébùú; F2L, ìyẹn ìpele méjì àkọ́kọ́; OLL; àti PLL), yá jù ú lọ, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń díje ń lò. Ṣùgbọ́n OLL, tó ń sọ òkè di àwọ̀ kan, ní àkọ́sórí 57; PLL, tó ń dá àwọn ègé òkè padà sáàyè wọn, ní 21. Ó pọ̀ jù fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́!

Ìpele-ìpele ni kí o mú. Kò sí òfò níbẹ̀: àgbélébùú yẹn náà ni CFOP fi ń bẹ̀rẹ̀.