Ṣájà wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ fi iná mànàmáná yọ ìpẹtà lára irin nílé?

Korobá kò ṣòro rí, omi wà, sódà ìfọṣọ wà, irin àlòkù sì pọ̀ nílẹ̀. Ṣájà ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tí kò yẹ lè po omi rẹ̀ bó ṣe tọ́, kó so wáyà rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó wá jókòó ti korobá títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí omi má hó rárá. Oríṣi mẹ́rin ni mo yẹ̀ wò níbí: ṣájà bátìrì ọkọ̀ ti àtijọ́, ṣájà ìgbàlódé tó ń dá ṣọ́ bátìrì, páwà sọ́pláì inú kọ̀ǹpútà (àpótí tó ń fún un ní iná), àti páwà sọ́pláì orí tábìlì tó ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí fólítì (agbára tó ń ti iná) àti áǹpíà (iye iná tó ń lọ). Èyí tó kẹ́yìn ló gbapò kìíní. Ṣájà àtijọ́ ló tẹ̀ lé e, ó sì sún mọ́ ọn gan-an.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bẹ ṣájà ní iṣẹ́. Irin tó dógùn-ún la máa so mọ́ nẹ́gẹ́tífù, ìyẹn wáyà dúdú. Irin mìíràn, irin ìrúbọ, ìyẹn irin àlòkù tí a kò bìkítà bó bá jẹ, la máa so mọ́ pọ́sítífù, wáyà pupa. Àwọn méjèèjì á wà nínú omi sódà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fara kanra. Bí iná bá ń gba inú omi kọjá, háídrójìn á máa jáde lára irin tó dógùn-ún, á máa ṣí ìpẹtà kúrò lábẹ́ ibi tó lẹ̀ mọ́, apá kan nínú ìpẹtà pupa á sì yí padà di dúdú tó rọ̀. Irin gidi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ, nítorí pé ọ̀dọ̀ nẹ́gẹ́tífù ló wà. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju fínígà lọ nìyẹn. Fínígà kò mọ ìpẹtà yàtọ̀ sí irin. Ẹni tó bá gbàgbé sípánà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan á bá a tó ti rí ṣákaṣàka. Ti iná, ẹ lè fi sílẹ̀ fún wákàtí méjìlá, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára sípánà náà á ṣì wà níbẹ̀ kedere.

Nítorí náà, ṣájà tó dára gbọ́dọ̀ lè gbé iná DC (iná tó ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) jáde ní nǹkan bíi fólítì 12, kó sì lè dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìgbóná jù. Áǹpíà 1 sí 2 tó fún sípánà kan tàbí abẹ ìfági kan. Fáìsì ńlá tàbí ìkòkò irin lè fẹ́ áǹpíà 5 sí 8. Iṣẹ́ kékeré tí a fi sílẹ̀ pẹ́ máa ń mọ́ ju iṣẹ́ tí a fi áǹpíà púpọ̀ lé lọ.

Ṣájà àtijọ́ ni ẹ ó mọ̀ nípa bó ṣe wúwo. Tiransfọ́ọ̀mà gidi ló wà nínú rẹ̀, kò ní ọgbọ́n kankan: ẹ tàn án, iná jáde. Abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí áǹpíà ní iwájú rẹ̀ ni mo kà sí ohun tó níye lórí jù lára rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà kò bá kúrò lórí òdo, ibi tí kílíìpù ti di irin mú kò mọ́ tó. Bó bá fò lọ sí ìparí lójijì, irin méjèèjì ti fara kanra nínú omi. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti áǹpíà 4, tó wá ń rọra rẹlẹ̀ títí ó fi dé 1 lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, irin ìrúbọ ti di ẹrẹ̀ pupa bora. Ẹ pa iná, ẹ ha á, ẹ dá a padà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń sọ gbogbo èyí fún yín láìjẹ́ pé ẹ ti ọwọ́ bọ omi.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí korobá bá ń fa áǹpíà ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára, á gbóná, ohun tó ń dáàbò bò ó nínú á já, ẹ ó gbọ́ “kà”, iná á kú, á tutù díẹ̀, á tún tàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣájà ti bàjẹ́ nígbà yẹn. Kò bàjẹ́. Ẹ sún irin ìrúbọ jìnnà sí irin tó dógùn-ún, tàbí kí ẹ fà á sókè kí èyí tó rì sínú omi dín kù, tàbí kí ẹ yọ omi díẹ̀ kí ẹ fi omi lásán rọ́pò rẹ̀. Mo fún un ní 8 nínú 10.

Ṣájà ìgbàlódé ló ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ jù, nítorí pé òun ló rẹwà jù, tó sì fúyẹ́ jù. Kó tó gbé iná jáde, ó máa ń kọ́kọ́ wò bóyá bátìrì wà ní ẹnu wáyà rẹ̀. Korobá omi kì í ṣe bátìrì, kò ní fólítì tirẹ̀, nítorí náà á kọ̀, á tan iná àṣìṣe, ó parí. Àwọn kan ní ipò tí a fi ń lò wọ́n bíi páwà sọ́pláì lásán. Bí tiyín bá ní in, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí ìṣòro mọ́. Bí kò bá ní, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ẹ fi bátìrì fólítì 12 sí àárín: ṣájà so mọ́ bátìrì, kí wáyà mìíràn wá ti orí bátìrì lọ sí korobá. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ibí yìí gan-an ló ti léwu. Bí irin méjì bá fara kanra nínú omi, ṣájà lásán á pa ara rẹ̀. Bátìrì kò ní pa ara rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún áǹpíà ló lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan, wáyà á sì pọ́n bí ẹyín iná. Fíúsì áǹpíà 10 gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa tó ti bátìrì jáde, ní ìtòsí bátìrì, kì í ṣe ní ìtòsí korobá. Ẹ má sì gbàgbé pé bí korobá bá ń fa áǹpíà 5, tí ṣájà sì ń dá 2 padà, bátìrì ni yóò san gbèsè náà. 4 nínú 10, fún ẹni tó ti ní in nílé tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí iṣẹ́ yìí rà á.

Páwà sọ́pláì inú kọ̀ǹpútà dára fún ẹni tí kò fẹ́ náwó. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè ni fólítì 12, dúdú ni nẹ́gẹ́tífù, pupa jẹ́ fólítì 5. Kó tó tàn, ẹ gbọ́dọ̀ so wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo tó wà nínú ìdìpọ̀ náà mọ́ dúdú kan. Ó lágbára dáadáa, ó sì máa ń pa ara rẹ̀ kíákíá bí nǹkan bá lọ́ pọ̀. Àmọ́ kò ní abẹ́rẹ́, ẹ kò ní mọ iye tó ń lọ, àfi kí ẹ fi mítà tó ń wọn áǹpíà sí i. Àwọn tó ti pẹ́ kì í dúró dáadáa bí kò bá sí ohun tó ń fa iná díẹ̀ lórí wáyà fólítì 5 wọn. Ẹ má ṣí àpótí rẹ̀. Iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. 6 nínú 10.

Ṣájà fóònù? Fólítì 5, áǹpíà 1 tàbí 2. Ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè bá yín ṣe.

Èyí tí mo gbé sí òkè ni páwà sọ́pláì orí tábìlì, irú èyí tó lọ láti fólítì 0 sí 30 àti áǹpíà 0 sí 10. Ẹ ó yí fólítì sí 12, ẹ ó yí áǹpíà sí 2, ó tán. Bí irin bá fara kanra, kò ní gbóná, kò ní já. Á kàn di áǹpíà náà mú sí 2, fólítì á sì já wálẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì wà lójú rẹ̀ gbangba. Irin tó bá tinrín, ẹ lè fi áǹpíà ààbọ̀ sí i mọ́jú. Ohun méjì péré ni mo rí sí i. Fáànù rẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ korobá sì kún fún ìkùukùu omi sódà tó ń jẹ ẹ̀rọ nínú. Ẹ gbé e jìnnà tó mítà kan ààbọ̀, ní ibi tó ga ju korobá lọ. Èkejì, wáyà tí wọ́n ń fi sínú páálí rẹ̀ sábà máa ń tinrín ju áǹpíà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Bó bá ń gbóná lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. 9 nínú 10.

Ṣájà tó dára jù kò lè gba ẹni tó fi nǹkan tí kò yẹ sínú omi là. Korobá gbọ́dọ̀ jẹ́ ike. Fún lítà omi 20, ṣíbí ìjẹun márùn-ún ti sódà ìfọṣọ tó. Ó jẹ́ sodium carbonate, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ rò ó títí yóò fi yòrò. Bó bá jẹ́ bákìn sódà nìkan lẹ rí, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú àwo irin, ẹ yan án nínú ààrò ní ìwọ̀n 200°C fún wákàtí kan. Yóò di sódà ìfọṣọ. Àfikún sódà kò ní kí ó yára mọ́, ńṣe ló kàn ń fa áǹpíà sí i. Ẹ má fi iyọ̀ rọ́pò rẹ̀ láé: gáàsì kílórínì ni yóò máa jáde lára irin ìrúbọ, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Irin ìrúbọ gbọ́dọ̀ jẹ́ irin lásán, bíi ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ẹ má lo síténlẹ́ẹ̀sì, bó ti wù kó mọ́ tó. Kúróòmù inú rẹ̀ á yòrò sínú omi, á sọ omi di ìyeyè, májèlé tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sì ni. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò náà kò yẹ, bàbà náà kò yẹ, torí pé ara irin tí ẹ fẹ́ tọ́jú ni bàbà náà yóò lọ lẹ̀ mọ́. Ọ̀pá mẹ́rin yíká ẹ̀gbẹ́ korobá, tí wáyà kan so gbogbo wọn pọ̀, dára ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé ọ̀nà tààrà ni iná ń bá lọ: ìhà tí kò kọjú sí ọ̀pá kankan kò ní mọ́ bíi ti èkejì. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 sí àárín wọn àti irin náà. Inú páìpù kò ní mọ́ àyàfi bí ẹ bá ki ọ̀pá tinrín sí àárín ihò rẹ̀, kó má sì kan ògiri rẹ̀. Kílíìpù pupa kò gbọ́dọ̀ kan omi, yóò jẹ tán. Dúdú lè wọ inú omi.

Kí ẹ tó gbé irin sínú omi, ẹ fi sáńpépà ha ibì kan tó fẹ̀ bí àtàǹpàkò títí yóò fi dán, ibẹ̀ ni kílíìpù dúdú yóò di mú. Ẹ tan iná, ẹ tẹ orí wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfófòó wẹ́wẹ́ yóò máa gòkè lára irin náà bí èéfín tí ń jáde lára igi tútù, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ tó ń dún ṣẹ̀ẹ̀ bí ẹ bá sún etí mọ́ ọn. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìfófòó aláwọ̀ ìpẹtà yóò bo ojú omi. Ẹ má fi ìfófòó ṣe ẹ̀rí pé wáyà tọ̀nà: ọ̀dọ̀ méjèèjì ló ń hó. Bí ẹ bá so wáyà dà sódì, irin tí ẹ fẹ́ràn ni yóò di ìrúbọ. Ẹ ka àwọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tàn án.

Háídrójìn máa ń gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná àti sìgá jìnnà síbẹ̀. Ẹ pa ṣájà lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan kílíìpù, torí pé ìtapàrà kékeré tó máa ń wáyé nígbà tí ẹ bá yọ kílíìpù tó láti dáná sí i.

Gbogbo irin kọ́ ló yẹ. Omi sódà ń jẹ alumíníọ̀mù. Ara irin tí wọ́n fi kúróòmù dán, kúróòmù náà lè ṣí. Ẹ má fi sípíríǹgì tàbí bóòtù líle tí wọ́n kọ 10.9 tàbí 12.9 sí lórí sínú rẹ̀: háídrójìn a máa wọ inú irin líle bẹ́ẹ̀, yóò sì kán lójijì nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Nǹkan bíréèkì ọkọ̀ kò sí nínú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí ẹ bá yọ irin náà, yóò dúdú, yóò sì ń yọ̀ bí ẹrẹ̀. Àtàǹpàkò lè nu púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, búrọ́ọ̀ṣì àti omi á parí ìyókù, ẹ ó sì rí irin aláwọ̀ eérú lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ kòtò sí, kòtò náà á ṣì wà. Kò sí iná tó ń dá irin tó ti lọ padà. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi epo ẹ́ńjìnnì pa á tàbí kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú omi lára kí ẹ lọ jẹun, pípọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ ó padà bá.

Ẹ má da omi náà nù. Omi nìkan ló ń dín kù nínú rẹ̀, sódà kì í lọ. Ẹ sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò, ẹ fi omi lásán kún un, ó ṣeé lò léraléra.

Fún ẹni tó fẹ́ ra ṣájà àlòkù, ẹ mú gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ dání, ti fólítì 12, wáàtì 55. Ẹ so wáyà ṣájà méjèèjì mọ́ ọn láìsí bátìrì. Ti àtijọ́ á tàn án lójú ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sì lọ sí nǹkan bí áǹpíà 4 ààbọ̀, bí agbára rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fọwọ́ kan àpótí ṣájà: bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò sì já, ẹ san owó. Èyí tí gílóòbù rẹ̀ kò tàn rárá, ẹ béèrè bóyá ó ní ipò páwà sọ́pláì. Bí kò bá ní, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.