Bọ́ọ̀dù àwòrán Pac-Man mi lọ fún àtúnṣe, ìlà kan ṣoṣo ló padà dé

Ìlà funfun kan, tín-ín-rín bí òwú, tó dúró ṣánṣán láàárín òkùnkùn. Ohun tí mo rí nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù àwòrán ẹ̀rọ géèmù Pac-Man mi, èyí tó ń gbé àwòrán sójú rẹ̀, ti ọ̀dọ̀ àwọn atúnṣe dé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń retí rẹ̀. Ohùn géèmù ń dún o. Mo ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, orin ìbẹ̀rẹ̀ kọ láìsí àbùkù, mo sì ń gbọ́ bí Pac-Man ṣe ń jẹun lọ nínú òkùnkùn títí àwọn iwin fi pa á. N kò rí nǹkan kan.

Ìyàlẹ́nu kọ́ ni pé bọ́ọ̀dù náà bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Àpótí géèmù yìí ti 1980 ni, lára èyí tí ilé-iṣẹ́ Midway ṣe pẹ̀lú àṣẹ Namco, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà. Iṣẹ́ pákó rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu: mo gé ìsàlẹ̀ tí omi ti wú kúrò, mo fi pákó tuntun rọ́pò, mo kùn ún ní yẹ́lò. Ọ̀pá ìdarí kan ló ní, kò sí bọ́tìnì ìyìnbọn, nítorí náà iṣẹ́ wáyà ibẹ̀ kéré. Àwòrán ló ń gbọ̀n, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ká wọnú, nítorí àwọn kàpásítọ̀, àwọn ohun kékeré tó ń tọ́jú iná, inú Electrohome G07, ẹ̀rọ àwòrán rẹ̀, ti gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n jó lẹ́ẹ̀dì díẹ̀, irin rírọ̀ tí a fi ń lẹ ẹsẹ̀ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n túùbù, dígí ńlá tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀, tó ń gba iná bí 20,000 fóólìtì, tó sì lè tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Mo tú bọ́ọ̀dù, mo fi túùbù sílẹ̀ nínú àpótí, mo fi ránṣẹ́.

Mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin tó gbé fóònù ní sùúrù, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwé kan wà níwájú rẹ̀ tó ń kà fún mi. "Ìlà náà dúró ni àbí ó dùbúlẹ̀, sà?" Mo ní ó dúró. "A jẹ́ pé ibòmíràn ló bàjẹ́, sà, kì í ṣe ibi tí a tún ṣe. Ẹ máa san owó mìíràn." Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ẹ tún gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì jó. Ó ní kí n má bínú. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, mo pè lẹ́ẹ̀kẹta: ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ọkùnrin kan ló gbé e. Ó bi mí bóyá mo ti fọwọ́ kan nǹkan nínú bọ́ọ̀dù náà, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó ti dá mi lẹ́bi tán. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àgbéyẹ̀wò yìí, òdo sì ni máàkì tí mo kọ́kọ́ fi sí i.

N kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí fóònù dún. Ohùn àgbàlagbà ni. "Èmi ni mo jó bọ́ọ̀dù yín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwé ẹ̀sùn yín hàn mí ni. Géèmù wo ló wà nínú àpótí náà?"

Mo ní Pac-Man ni, Bàbá.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Túùbù yẹn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìlà tó dúró lójú yín, ó dùbúlẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan án mọ́, ìlà yẹn á jó ojú túùbù bó bá pẹ́."

Ṣe ni mo jókòó sílẹ̀. Àwòrán Pac-Man ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá tẹlifísàn oní 19 ínǹṣì náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá tó ń na àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló kú. Ká ní orí tábìlì ló wà ni, ìlà náà ìbá dùbúlẹ̀, ìwé ọwọ́ obìnrin yẹn ìbá sì ti mú un lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni mo ń sọ fún wọn láti ọjọ́ méjì, òótọ́ náà ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà.

Bàbá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun àfi ìgbà tí mo ṣàlàyé bí mo ṣe máa tú iná inú túùbù dànù: wáyà láti ara sukudiráfà sí férémù irin, ọwọ́ kejì lẹ́yìn mi. Ó dún "tá!" Ó ní kí n tún un ṣe. Kò dún mọ́. Ó wá ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, níbi tí púlọ́ọ̀gì wáyà ọrùn túùbù ti wọlé. Òrùka dúdú kan, tí kò nípọn ju irun orí lọ, yí ẹsẹ̀ píìnì kan po. Lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ti là.

"Ẹ̀bi mi ni," ni Bàbá wí. "Mo kọ ọ́ pé mo jó gbogbo wọn. N kò jó ìyẹn."

Ó dúró lórí fóònù ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, mo jó tuntun, ó bi mí bóyá ó ń dán, mo ní ó ń dán. Mo dá bọ́ọ̀dù padà, mo tan iná. Gbogbo ọ̀nà aláwọ̀ búlúù yẹn yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn iwin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, mo sì pariwo débi pé Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú túùbù mi ní àpá, àwọn ọ̀nà géèmù náà ti jóná sí i lára láti ọdún pípẹ́, ẹ ó rí wọn bí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ wà ní pípa. Bàbá ní kí n fi sukudiráfà oníke yí ìwọ̀n àwòrán díẹ̀díẹ̀, títí tuntun yóò fi dúró lórí àpá ti àtijọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

Àmọ́ ohun kan wà tí n kò lè gbàgbé. Lára irin bọ́ọ̀dù náà, àwọn tó tún un ṣe nígbà kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọdún sí i: 1983, lẹ́yìn náà 1986, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni méjì. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà mi pé kí wọ́n má nu ún, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Wọ́n fọ irin náà, ó ń dán bí àwo tuntun. Bàbá ní kì í dé ọwọ́ òun kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó tíì bẹ̀ mí lórí ìyẹn.

Máàkì: 4 nínú 10. Bọ́ọ̀dù àwòrán Galaga, géèmù mi kejì, ń lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé túùbù rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, pé ọwọ́ Bàbá ni kí wọ́n fi lé, kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi kan irin rẹ̀.