Bọ́ọ̀ṣì V-boot bàbá mi, àti ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ̀ láti fún mi ní kọ́kọ́rọ́

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti lù, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá Ẹlẹ́yẹlé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi sì wà nínú àpò ọ̀gá mẹkáníìkì. Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Báàgì mi ti wà lórí ìjókòó iwájú. Ohun tó kù ni kí n wọlé sọ́kọ̀ kí n máa lọ sí Akóbò kí omi tó gba títì. Bàbá yìí ní, "Mọ́mì, ọkọ̀ yìí ò tíì lè lọ." Mo ní kí ló dé? Kò dá mi lóhùn. Ó kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ta ló de bóòtù yìí?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó ní, "Ẹ gbé jáàkì wá."

Ẹnu mi ò dáa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbà. Mo pè é ní olè. Mo ní owó ló tún ń wá. Mo sọ̀rọ̀ débi pé ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn gbé agbada rẹ̀ kúrò lórí iná kó lè ráyè wá bẹ̀ mí. Nítorí ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe parí.

Mercedes 230E tí bàbá mi rà ní 1991 ni ọkọ̀ náà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-boot. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú rẹ̀ mọ bó ṣe rí, n kò ní máa ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún yín. Ní Ìbàdàn báyìí, bí kò bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló ń wà á, á jẹ́ ọmọ ìwòyí tó ti fi rímù ńlá sí i tó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ òde àríyá. Tèmi jẹ́ ogún. Mi ò lè tà á, mi ò sì fẹ́ kó kú sí mi lọ́wọ́.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá já sí kòtò, màá gbọ́ "kọ̀!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tẹ́nì kan fi ọmọ odó lu ilẹ̀. Tí mo bá tẹ bíréèkì ní ìsọ̀kalẹ̀ Mọ́kọ́lá, ọkọ̀ á fẹ́ yà sọ́tùn-ún láì gbàṣẹ. Táyà iwájú méjèèjì jẹ láti inú, ìta wọn ṣì ń dán bíi tuntun. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, torí ohun kan náà ló ṣe é lọ́dún tó kọjá: bọ́ọ̀ṣì àámù ìsàlẹ̀ iwájú, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá irin tó gbé táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì.

Ẹni tó ṣe é lọ́dún tó kọjá, abẹ́ igi ló wà, n kò ní sọ ibi tó wà. Iná ló fi sun rọ́bà àtijọ́ kó lè rí i yọ, òkúta àti òòlù ló fi ti tuntun wọlé, bọ́ọ̀ṣì ₦18,000 ló rà fún mi. Oṣù mẹ́rin péré, ariwo ti padà. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní, "Ọ̀nà Ìbàdàn ni, Mọ́mì." Mo gbà á gbọ́! Ta ni kò ní gba ìyẹn gbọ́, ẹni tó bá ti gba Ọjọ́ọ̀ kọjá nígbà òjò?

Lọ́tẹ̀ yìí mo ní màá fara balẹ̀. Àbúrò mi kan ló júwe ilé iṣẹ́ yìí fún mi, ní Jẹ́ríkò, níbi tí wọn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju Benz lọ. Wọ́n ní kí n ra ọjà fúnra mi. Mo lọ sí Àràròmí ní Géètì. Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Àràròmí lọ títí, ilẹ̀ á ṣú. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún mi ní páálí Lemförder, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀, tí wọ́n tẹ orúkọ Jámánì sí lára bí ẹni ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ ń rùn bíi sálúbàtà tuntun. Ṣọ́ọ̀bù kẹta ni mo ti rí gidi, ₦62,000 fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin tó tà á ló fi hàn mí lára irin rẹ̀ ibi tí wọ́n ti ha nǹkan kúrò. Ìràwọ̀ Benz ló wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fún Benz máa ń ha ìràwọ̀ náà kúrò lára èyí tó bá fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tà. Inú mi dùn sí ọgbọ́n kékeré yẹn ju ọjà náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ó wá ku ilé iṣẹ́ gan-an. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ orúkọ. Èyí dáa. Ó kọ iye máìlì, ó kọ ohun tó wà nínú búùtù, ó kọ bí epo ṣe kù sí, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mi ò rí irú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan nílùú yìí. Inú mi ti ń rọ̀ nígbà tí ọ̀gá jáde. Kò kí mi. Ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ta ló ni ọkọ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó ní, "Mo ní ta ló ni ọkọ̀."

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Mo tún un sọ. Ó wo ojú mi, ó wo ọkọ̀, ó ní, "Ó dáa." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí ọmọ kan ki irin gbọọrọ bọ àárín àámù àti ara ọkọ̀, kó fà á. Bó ṣe fà á ni rọ́bà ya kúrò lára irin, tí mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ṣáà na ìka sí i. Ó tún mi bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé irin tó wà lẹ́nu àámù lápá táyà, ó tún na ìka. ₦38,000 mìíràn nìyẹn.

Wọ́n ní ọjọ́ méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Ọjọ́ Ajé, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tú ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí Benz aláṣẹ kan dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ Máíkírà láti Akóbò, èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, ẹni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà pẹ̀lú àpò gààrí. Tí mo bá pe fóònù wọn, ọmọbìnrin yẹn á ní, "Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, Mọ́mì." Ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bí mo bá kọ èyí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, òdo ni ǹ bá fún wọn.

Ọjọ́rú ni mo sọ pé n ò ní lọ mọ́, mo jókòó tì wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Sípírìǹgì iwájú V-boot kò sí lára ṣọ́ọ̀kì bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, orí àámù ló jókòó lé, ó sì wà ní kíkì pẹ̀lú agbára tó lè ṣe èèyàn léṣe. Ẹni abẹ́ igi, jáàkì àti wáyà ló fi mú tèmi lọ́dún náà, a sì dúpẹ́ pé orí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Àwọn tibí ní irinṣẹ́ tó yẹ, irin méjì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki sáàárín sípírìǹgì tí ọ̀pá kan gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí sípírìǹgì fi kéré. Kí wọ́n tó tú bóòtù àámù, ọ̀gá fi ọ̀dà funfun sàmì sí orí wọn. Orí bóòtù yẹn kò wà láàárín gan-an, tí o bá yí i, àámù á sún, táyà á sì dà sínú tàbí síta. Ẹ rántí táyà mi tó jẹ láti inú.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi yọ bọ́ọ̀ṣì àtijọ́, kò sí iná, kò sí òòlù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi tuntun sí i, ọmọ kan ki ọwọ́ bọ gíríìsì. Ọ̀gá gbá a lọ́wọ́. "Epo ló ń pa rọ́bà." Omi ọṣẹ ni wọ́n fi pa á lára. Gbólóhùn kan yẹn ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ wá dé, wọ́n parí, mo san ₦50,000 iṣẹ́ ọwọ́, ó sì kọ̀ láti fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n jáàkì iwájú ọkọ̀ sókè, wọ́n ti pákó méjì tó nípọn sábẹ́ táyà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lé e lórí. Òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá yìí, tí irun rẹ̀ ti funfun ju ti ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ, tẹ́ páálí sílẹ̀ ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí wọ́n tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kí wọ́n fi sílẹ̀, léraléra, bí ẹni ń mi ọmọ. Ó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dè wọ́n, pẹ̀lú sípánà gígùn kan tó máa ń ké "ták" tí bóòtù bá ti le dé ìwọ̀n. Iná ìlú lọ. Ọmọ tó ń mú tọ́ọ̀ṣì sá fún òjò. Kí ni mo máa ṣe? Mo tan iná fóònù mi, mo lóṣòó, mo ń tàn án fún ẹni tí mo pè lólè ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Agbòòrùn mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bò. Mo ka "ták" mẹ́rin.

Ó jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù jìngbìnnì. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó mú un ní orí méjèèjì, ó lọ́ ọ. "Rọ́bà yìí kì í yí bíi bèárìǹ, Mọ́mì. Ṣe ló máa ń lọ́. Ibi tó bá wà nígbà tẹ́ ẹ dè é, ibẹ̀ ló mọ̀ sílé. Wọ́n dè é nígbà tí táyà ń fì lókè. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, á wà ní lílọ́ báyìí tọ̀sán tòru, kódà tẹ́ ẹ bá páàkì. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti ya." Ó jù aṣọ náà sílẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Oṣù mẹ́rin! Èmi tí mo ti ń bú ọ̀nà Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá. Mo ní kó má bínú. Ó ní, "Ẹ máa lọ, omi ti ń pọ̀ ní Mọ́kọ́lá."

Mo gba Mọ́kọ́lá, mo gba Sẹkitéríàtì, mo gba Báṣọ̀run. Mo já sí kòtò mọ̀ọ́mọ̀, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ohun tí mo gbọ́ ni "pù", bí ìgbà téèyàn jókòó lórí tìmùtìmù. Mo tẹ bíréèkì, ó dúró gbọnrangandan. Mo sunkún díẹ̀ ní Ìdí-Apẹ́. Bí bàbá mi ṣe máa ń wà á nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó lè dúró déédéé, ẹni tó ṣe é ní ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan, ó béèrè ẹni tó sàmì sí bóòtù. ₦12,000 ló gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Àtẹ́lẹwọ́ gíríìsì kan wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn mi, ìka márààrún pé, kò sì tíì kúrò. Kí ló gbé ẹnikẹ́ni dé ìjókòó ẹ̀yìn? Ìdérí táyà kan kò padà wálé, ó sì wà nínú ìwé tí ọmọbìnrin yẹn kọ. Nígbà tí mo pè, ó ní wọ́n ń wá a. Lọ́jọ́ Sátidé ó tún pè mí fúnra rẹ̀: "Mọ́mì, ọ̀gá ní kí n bi yín bóyá ó ṣì ń dún." Mo ní kò dún. Mo ní ìdérí mi ńkọ́? Ó ní wọ́n ṣì ń wá a.

Máàkì: méjì nínú márùn-ún. Ọ̀kan lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀kan fún ìdérí táyà, ọ̀kan fún "ta ló ni ọkọ̀."

Ẹ̀yìn V-boot ní àámù márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ní rọ́bà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo ń gbé e lọ fún bàbá yẹn. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì.